Mo Sọ Ẹ̀gbọ́n Mi Di Àbúrò Nínú Pọ́díkáàsì

Ẹ má wulẹ̀ bá mi wá àwáwí. Èmi gan-an ti wá a títí, mi ò rí i.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ̀ pé àwọn gan-an ni à ń fi rẹ́rìn-ín.

Kọ́tìnì ni iṣẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ṣọ́ọ̀bù, àwọn náà ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀. Yàrá iwájú la ti ń gé aṣọ, tá a ti ń rán an. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn la ń kó aṣọ sí, láti ilẹ̀ títí dé àjà. Èèyàn ò lè na apá méjèèjì níbẹ̀.

Yàrá yẹn ló kó bá mi. Mo lọ fa ìdì aṣọ kan yọ lọ́jọ́ kan, ni ẹnì kan bá pè mí lórí fóònù. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn, mo gbọ́ ohùn ara mi, ẹnu yà mí. Kò dún gbọ̀ngbọ̀n. Kò sí ariwo ọ̀nà, kò sí ariwo máṣíìnì. Aṣọ ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ohùn mi mọ́ kedere bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn.

Mo ti gbìyànjú búlọ́ọ̀gù rí ṣáájú ìgbà yẹn. Kíkọ ni kò bá mi lára mu. Tí mo bá kọ ìlà díẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá sísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ? Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ní ká ní ẹnu ni wọ́n fi ń rán kọ́tìnì ni, ǹ bá ti rán ti gbogbo àdúgbò tán.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì nìyẹn. Mo á wọ àárín aṣọ lọ, mo á sọ̀rọ̀ sórí fóònù, mo á gé ibi tí mo ti wúkọ́ dànù, mo á wá gbé e sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù lè gbọ́ ọ. Mo sọ ètò náà ní Má Tíì Tẹ̀ Ẹ́. Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo ń sọ níbẹ̀: kí lèèyàn máa ṣe tí fóònù bá kún, irú iṣẹ́ tí àwọn gbájúẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́, kí ló dé tí fóònù fi ń béèrè ìbéèrè tí kò yé ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fóònù ara mi ni mo bà jẹ́ títí tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Ojú ń tì mí o. Nítorí náà mo wá áàpù kan tó ń yí ohùn padà. Ó sọ mí di bàbá kan tí òtútù mú. Atọ́kùn ni mo pe ara mi, ó tán.

Fún ìgbà pípẹ́, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ètò mi, èmi àti ẹnì kan tí mo fura pé ó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni.

*

Àkókò yẹn náà ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí lọ kàwé nílùú tó jìnnà. Kó tó lọ, ó ra fóònù ńlá fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò lo irú ẹ̀ rí. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì ni tiwọn, èyí tó lè já bọ́ láti orí àkàbà kó má ṣe nǹkan kan.

Tí wọ́n bá fẹ́ rí ojú ọmọ wọn, èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo máa gbé e dání, èmi ni mo máa dúró síbẹ̀ bí òpó. Wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á wò mí, wọ́n á gbé ìyókù mì.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, “Àbúrò mi, kọ́ mi.”

“Kí n kọ́ yín ní kí ni?”

“Fóònù yìí. Mo fẹ́ máa pe ọmọ mi fúnra mi, kí n máa rí ojú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró láàárín wa. Ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ bá a sọ tí kò kàn ẹ́.”

Mo ní kò burú. Mo sì kọ́ wọn. Ẹ má rò pé mi ò kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá gbé ìpè aláwòrán, etí ni wọ́n gbé fóònù sí. Ọmọ wọn ń pariwo lọ́hùn-ún, “Màámi, etí yín nìkan ni mò ń rí!” Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èmi náà ń gbọ́ ẹ dáadáa.”

Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n pe oníbàárà kan, fóònù onítọ̀hún ò lọ, obìnrin inú fóònù yẹn wá ń sọ pé ẹni tí ẹ ń pè kò sí nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní, “Ẹ ṣé o, mà. Tó bá dé, ẹ bá mi sọ fún un pé kọ́tìnì ẹ̀ ti délẹ̀.”

Mo sá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo rí fóònù mi lọ́wọ́ mi.

Èṣù ò fi tipátipá mú mi. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnì pupa tí fóònù fi ń gba ohùn sílẹ̀, tí mo sọ pé: “Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo ní àbúrò kan. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Tẹ̀ẹ́wò.”

*

Ẹ wo ọgbọ́n mi. Mo ní tí mo bá sọ ọ́ di àbúrò, kò sẹ́ni tó máa fura. Ó ṣe èyí, ó ṣe tọ̀hún, ó gbé fóònù sétí. “Ó” yẹn kò sọ bóyá ọkùnrin ni, kò sọ bóyá obìnrin ni. Ṣáà ti yọ “wọ́n” kúrò, àgbàlagbà á di ọmọdé lójú ẹsẹ̀.

Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn Tẹ̀ẹ́wò ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi lọ. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí ń kọ̀wé sí mi: “Atọ́kùn, Tẹ̀ẹ́wò ńkọ́?” “Kí ni Tẹ̀ẹ́wò tún tẹ̀?” Tí mo bá sọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnì kan á kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “A ti gbọ́. Tẹ̀ẹ́wò dà?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe irú nǹkan yìí rí mọ bó ṣe ń rí. Èèyàn á jí, kò tíì bọ́jú, á ti wo iye ẹni tó gbọ́ ọ. Mò ń wò ó nídìí máṣíìnì. Mò ń wò ó lórí àkàbà nílé oníbàárà, mo fi eyín di ìkọ́ kọ́tìnì mú.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń gbé nítòsí wa, ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ó wá kó kọ́tìnì yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣe ẹ́?”

“Àǹtí, ẹ ò tíì gbọ́ Má Tíì Tẹ̀ Ẹ́? Bàbá kan ni, òtútù ti ba ọ̀fun ẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìtàn sọ. Ẹ gbé fóònù yín wá.”

Abẹ́rẹ́ gún mi níka. Mi ò purọ́.

Ó gbé e sórí fóònù wọn, ó fi ibi tí wọ́n á máa tẹ̀ hàn wọ́n. Ìtàn obìnrin inú fóònù yẹn gan-an ló kọ́kọ́ wọlé. Mo ti ń wá ibi tí mo máa gbà sá jáde. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí téèpù ìwọnṣọ já bọ́ lọ́rùn wọn.

“Ọmọ yìí mà gọ̀ o! Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ!”

Nọ́ọ̀sì ní, “Àwọn ọmọ ìsìnyí kẹ̀, Àǹtí.”

“Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ṣùgbọ́n èmi dàgbà. Kí ló wá ṣe òun tó jẹ́ ọmọdé?”

Mo tẹjú mọ́ aṣọ, mò ń rán an lọ. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa, mo ti rán kọ́tìnì mọ́ apá aṣọ tó wà lọ́rùn mi.

Láti ọjọ́ yẹn, Má Tíì Tẹ̀ Ẹ́ ló ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn bàbá olótùútù ju ìròyìn lọ. Wọ́n á ní, “Dákẹ́, dá máṣíìnì yẹn dúró, Atọ́kùn ń sọ̀rọ̀.” Èmi tí mo jẹ́ Atọ́kùn, wọ́n ní kí n dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ mi.

*

Lọ́jọ́ kan, a jókòó síwájú ara wa, mò ń ṣẹ́tí aṣọ, wọ́n ń ka ìkọ́. Mo rí i pé wọ́n kẹ́yìn sí mi díẹ̀, wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Mo ṣe é! Àbúrò mi, mo ṣe é fúnra mi!”

“Ẹ ṣe kí ni?”

“Mo fi ohùn ránṣẹ́! Kò sẹ́ni tó bá mi tẹ̀ ẹ́!”

“Ẹ kú oríire! Ta lẹ fi ránṣẹ́ sí?”

“Atọ́kùn.”

Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Mo ní mò ń lọ mú òwú, mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo ti fóònù mọ́ etí. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyí: “Atọ́kùn, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ bá mi sọ fún Tẹ̀ẹ́wò pé kó má bínú, a kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó wá ẹni tó ní sùúrù kọ́ ọ. Àbúrò mi ló ń kọ́ èmi. Kò fi mí ṣẹ̀sín rí.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ẹnu mi ò dí. Kí n jáde, kí n kúnlẹ̀, kó parí.

Ohun tí mo rò ni pé, “Ohùn yìí á dùn nínú ètò o.”

Mo sì fi í sínú ètò. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Wọ́n gbé e fún nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e fún káfíńtà tó ń bá wa ṣe irin kọ́tìnì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Ọmọ wọn pè mí, ó ní, “Àǹtí, kí lẹ fún Màámi mi jẹ? Wọ́n ti di èèyàn ńlá!”

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ìgboyà wọn ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe wọn ń dín kù. Wọ́n ti mọ kámẹ́rà iwájú yàtọ̀ sí tẹ̀yìn. Wọ́n ti ń pe ọmọ wọn fúnra wọn. Ó kù díẹ̀ káàtó ni, ìgbà mìíràn wọ́n ṣì máa ń fi àjà ilé hàn án, ṣùgbọ́n wọ́n ń dé ibẹ̀.

Tẹ̀ẹ́wò ti ń gbọ́n. Àwọn olùgbọ́ sì ń béèrè.

*

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni mi ò fẹ́ sọ, òun náà sì ni ìdí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sórí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n jáde lọ bá oníbàárà kan wọn ojú fèrèsé. Mo gbé e. Mo wọ inú rẹ̀ lọ, mo yí èdè rẹ̀ padà sí èdè kan tí ẹnikẹ́ni ò lè kà nínú ilé wa, àti èmi náà. Mo fẹ́ wo ohun tí wọ́n máa ṣe ni. Mo ní tí wọ́n bá ti ṣe é tán, mo máa dá a padà kíá.

Wọ́n dé, wọ́n gbé fóònù, wọ́n wò ó. Wọ́n yí i sókè sódò. Wọ́n nù ún lójú pẹ̀lú etí aṣọ wọn, bóyá ìdọ̀tí ni.

Wọ́n ní, “Àbúrò mi, fóònù yìí ń bínú sí mi. Bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Mo sáré wọ inú yàrá. Ẹ̀rín ń pa mí. Mo tẹ bọ́tìnì pupa lójú ẹsẹ̀ kó tó tutù, mo sọ ìtàn yẹn láti gbòngbò títí dé ewé, mo gbé e sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì láìtún un gbọ́. Ìgbà tí mo fi máa jáde, oníbàárà mẹ́ta ti dé, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wá gbàgbé èdè fóònù pátápátá.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìdánwò tó le jù. Wọ́n ti ṣèlérí pé wọ́n á pè é kó tó wọlé, kí wọ́n gbàdúrà fún un. Wọ́n gbìyànjú títí. Orúkọ ọmọ wọn ò yọ lójú fóònù bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, àwọn ibi tí wọ́n ti há sórí ò sọ ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Wọn ò pè mí, nítorí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi dí.

Nírọ̀lẹ́ mo rí wọn, wọ́n jókòó, fóònù wà lórí itan wọn.

“Mo ti bà á jẹ́,” ni wọ́n sọ. “Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi wọlé ìdánwò, kò gbúròó mi.”

Mo gbà á, mo tún un ṣe, mo sọ pé kì í ṣe nǹkan kan, pé àwọn fóònù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo purọ́ yẹn láìṣẹ́jú.

*

Àsírí tú ní ọ̀sán gangan, lójú nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́tìnì funfun kan lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí ìdì aṣọ, ó ní òun fẹ́ gbọ́ èyí tuntun kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Bàbá olótùútù bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, Tẹ̀ẹ́wò tún ti dé o! Ó gbé fóònù, fóònù ń sọ èdè tí ò yé e. Ó wò ó sókè sódò. Wọ́n ní, bóyá ìdọ̀tí ni. Wọ́n wá fi aṣọ nù ún lójú...”

Nọ́ọ̀sì na ìka sókè. “Ẹ gbọ́ ná. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Kí ló sọ?”

“Ó ní ‘wọ́n’. Àbúrò ẹ̀ ló ń pè ní ‘wọ́n’?” Ó dá ètò dúró, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún jẹ́ ká gbọ́ ọ: Wọ́n wá fi aṣọ nù ún lójú. “Háà! Àǹtí, irọ́ ni bàbá yìí ń pa fún wa! Ta ló ń pe àbúrò ẹ̀ ní ‘wọ́n’? Àgbàlagbà ni Tẹ̀ẹ́wò! Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, tàbí ìyá ẹ̀!”

Ó ń pàtẹ́wọ́ bíi pé ó rí olè mú. Ó sì rí olè mú lóòótọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mo yí ohùn padà, mo yí ọjọ́ orí padà. Ahọ́n mi ni mi ò rí yí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀rọ̀ sọ, mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní “ó” rí. Bí mo ṣe ń kánjú, ẹnu mi gba ọ̀nà ilé lọ.

Ètò ń lọ. “Wọ́n wá sọ fún mi pé, ‘Fóònù yìí ń bínú sí mi. Bá mi bẹ̀ ẹ́.’”

Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ìdì aṣọ. “Bá mi bẹ̀ ẹ́! Ta ló ń bẹ fóònù?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èmi ni.”

Áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan lórí kọ́tìnì funfun. Òórùn jíjó gba inú yàrá. Kò sẹ́ni tó gbé e kúrò. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo èmi, ó rántí pé wọ́n ń dúró de òun níbi iṣẹ́. Ó sáré jáde, ó gbàgbé bàtà ẹ̀ kan.

“Àbúrò mi.”

“Mà.”

“Ọjọ́ wo ni mo di àbúrò ẹ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìkọ́ tó wà nílẹ̀.

“Obìnrin inú fóònù tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, èmi náà nìyẹn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Mo rẹ́rìn-ín,” ni wọ́n sọ. “Mo ní ọmọ yìí gọ̀. Ìwọ jókòó síbẹ̀ yẹn.” Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù. Ihò ńlá ti dá sí kọ́tìnì. “Fóònù tó bínú lọ́jọ́ ìdánwò yẹn. Ta ló mú un bínú?”

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Lóòótọ́, mo lè sọ ọ́, wọ́n á sì gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí bíi pé wọ́n ń bẹ̀ mí kí n sọ pé èmi kọ́.

Mo ní, “Èmi ni.”

Wọn ò pariwo. Wọ́n fi àjákù aṣọ we fóònù ńlá yẹn, wọ́n sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n yọ oníbọ́tìnì wọn jáde.

*

Mo rò pé wọ́n á bínú sí mi, wọ́n á bú mi, á tán. Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀, Atọ́kùn. Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní “ẹ”!

Mo rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na sísọ́ọ̀sì yẹn.” “Ẹ kú ìnáwó òwú.” “Atọ́kùn, oníbàárà yín ti dé.” Níwájú oníbàárà! Obìnrin kan bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé ìyàwó ọ̀gá àgbà kan ni mí ni. Káfíńtà náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣí fìlà fún mi. Gbogbo “ẹ” yẹn ń já bọ́ lé mi lórí bí irin kọ́tìnì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú gbá mi létí.”

“Háà, ṣé mo tó bẹ́ẹ̀? Kí n gbá yín létí, kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ nínú ètò yín?”

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ wọn. Ó ń pè wọ́n lórí fóònù ńlá, kò lọ. Ó wá pe èmi. “Àǹtí, kí ló ṣe Màámi?” Mo gbé fóònù lọ bá wọn.

Wọn ò gbà á. “Ẹ sọ fún un pé mo wà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀.”

Mo tún ti di òpó tó dúró láàárín ìyá àti ọmọ. Ọmọ á sọ̀rọ̀, mo á tún un sọ. Ìyá á dáhùn, mo á tún un sọ. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ń sunkún, ó ní ìdánwò yẹn kò dáa, ó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan. Mo gbé fóònù síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n wo èmi tí mo dúró síbẹ̀, wọ́n ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Á dára.” Ó tán.

Mo pinnu pé mo máa pa ètò yẹn rẹ́, gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún wọn.

Wọ́n ní, “Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, ṣé àwọn tó ti gbọ́ ọ á gbàgbé? Òmùgọ̀ ni mo ṣì máa jẹ́ létí wọn. Ẹ lọ ṣàlàyé. Ẹ fi ohùn tí wọ́n fi bí yín ṣàlàyé.”

Bí mo ṣe tún wọ àárín aṣọ lọ nìyẹn, láìsí bàbá olótùútù. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, nítorí wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ tì í. Mo sọ fún àwọn olùgbọ́ pé obìnrin ni mí, pé Tẹ̀ẹ́wò kì í ṣe àbúrò mi, pé ẹ̀gbọ́n mi ni, àti pé àwọn ni wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ pé àbúrò àwọn kì í fi àwọn ṣẹ̀sín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìtàn náà, mò ń sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ àti èyí tí mo fi ọwọ́ mi fà.

Mo ní, “Ti pé wọ́n gbé fóònù aláwòrán sétí...”

Ohùn kan dún láti yàrá iwájú. “Ìyẹn, èmi ni!”

Mo tẹ̀ síwájú. “Ti obìnrin inú fóònù, tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì...”

“Irọ́! Ẹ̀ẹ̀kan ni! Ó sì yẹ kéèyàn dúpẹ́, ó fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀ ju àwọn kan lọ!”

Sísọ́ọ̀sì ń dún níbi tí wọ́n wà, wọn ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

“Ti èdè fóònù...”

Sísọ́ọ̀sì náà dákẹ́.

Mo ní, “Ìyẹn, èmi ni. Mo yí i padà kí n lè rí nǹkan fi pa yín lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ọmọ wọn nílò wọn ni. Wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n bà á jẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.”

Mi ò gé nǹkan kan kúrò. Bó ṣe rí ni mo gbé e síta, pẹ̀lú igbe ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ bú mi, mo sì tọ́ sí i. Àwọn kan lọ, wọn ò padà. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé òun ti mọ̀ pé ohùn bàbá yẹn kì í ṣe ti òtútù, òun sì fẹ́ wá mú bàtà òun.

Èmi ò tíì wo iye ẹni tó gbọ́ ọ. Ìyẹn náà nira, ẹ má rò pé ó rọrùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mò ń gbálẹ̀ òwú, ni ẹ̀gbọ́n mi bá sọ láìwo ẹ̀yìn pé, “Gbé fóònù mi wá.”

Mo dúró. “Ẹ ní kí ni?”

“O ò gbọ́? Mo ní gbé fóònù mi wá nínú dúrọ́ọ̀. Àbí àgbà ti dé sí ẹ létí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, “o” yẹn dùn létí mi ju orin lọ. Mo sáré gbé e. Mo tú aṣọ ara ẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣì í tẹ̀, káfíńtà ló yọ lójú fóònù, ó ń jẹun. Wọ́n ní, “Ìwọ kọ́, máa jẹun lọ.” Ọwọ́ mi ti nà síwájú kí n bá wọn ṣe é. Wọ́n kàn wò mí. Mo fà á padà.

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó dún, ó dún. Ojú ọmọ wọn yọ.

“Màámi!”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù jìnnà sí ojú dáadáa, bó ṣe yẹ. Wọ́n dìde, wọ́n rìn kọjá lára mi, wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, àárín aṣọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Mò ń gbálẹ̀ mi lọ. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, mi ò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ fún yín.